Àjọ Mẹ́ta, Ẹ̀rọ Omi Mẹ́ta, Abúlé Kan

Ẹ jẹ́ ká fi abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe àpẹẹrẹ, tí èèyàn ibẹ̀ kò ju 400 lọ. Ẹ̀rọ omi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pátákó mẹ́ta ló sì dúró tì wọ́n, kálukú pẹ̀lú àsíá tirẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń mú omi wá. Èyí àkọ́kọ́ ti gbẹ láti ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Rọ́bà inú ìkejì ti jẹ, wọ́n sì wá irú rẹ̀ títí ní Ọ̀mù-Àrán, wọn kò rí i. Ní abúlé kejì, tí kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ síbẹ̀, omi odò ni wọ́n ṣì ń mu. Àjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn pé èèyàn 250 ni àwọn fún lómi, torí iye yẹn ni wọ́n máa ń kà sí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan lọ́rùn. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: lórí ìwé, èèyàn 750 ló ń mu omi tó mọ́ ní abúlé tí kò ní ju 400 lọ.

Ẹnikẹ́ni kò jí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àjọ kọ̀ọ̀kan rí baálẹ̀, ó gbẹ́ kànga, ó ya fọ́tò, ó lọ. Ìwé kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí àjọ kejì ì bá yẹ̀ wò kó tó gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kúrò ní Ìlọrin, ni wọn kò ní. Tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba àti àwọn àjọ òkè-òkun ṣèpàdé kí iṣẹ́ wọn má baà máa forí gbárí, ìwé yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣèpàdé tán tí ohunkóhun kò yí padà nínú rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n lọ jẹ.

Owó ta ni, iṣẹ́ ta sì ni?

Lábẹ́ orúkọ "àjọ òkè-òkun" yìí, oríṣiríṣi ló wà. Àwọn kan jẹ́ ti ìjọba orílẹ̀-èdè kan, bíi JICA ti Japan, GIZ ti Jámánì, AFD ti Faransé, àti FCDO ti Gẹ̀ẹ́sì tó gba iṣẹ́ DFID ṣe láti 2020. Àwọn kan wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, bíi UNICEF àti WHO. Báńkì sì wà níbẹ̀: Báńkì Àgbáyé, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, Báńkì Ìdàgbàsókè ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí. Àwọn àjọ aládàáni tí kì í ṣe ti ìjọba kankan ló wá pọ̀ jù.

Ẹni tó lówó, ẹni tó ń ṣètò àti ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Ìjọba kan lè fowó sílẹ̀, kó gbé e fún iléeṣẹ́ alámọ̀ràn kan ní London, kí ìyẹn pín in fún àjọ kan ní Àbújá, kí àjọ yẹn wá gbé iṣẹ́ fún kọngílá kan ní Tánkẹ̀, Ìlọrin. Orúkọ mẹ́rin nìyẹn lórí kànga kan. Bí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ kò bá là á yé ara rẹ̀, kànga mẹ́rin ni yóò kà.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ìrànlọ́wọ́" ni gbogbo wa ń pè é. Èyí tí UNICEF bá mú wá, ẹ̀bùn ni. Ti Báńkì Àgbáyé, ẹ̀yáwó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èlé rẹ̀ kò wúwo, a sì lè fi bí ọgbọ̀n ọdún san án, ṣùgbọ́n sísan ni a óò san án. Ìjọba àpapọ̀ ló ń yá a, tí ó sì ń fún ìpínlẹ̀. Tí ìgbà sísan bá tó, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó tó ń ti Àbújá wọlé fún ìpínlẹ̀ lóṣooṣù. Tó bá jẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ kànga tó gbẹ, ọmọ tó ń ru omi odò lónìí ni yóò dàgbà tán tí yóò san gbèsè rẹ̀.

Oṣù olówó àti oṣù òjò

Ohun tó ń da iṣẹ́ rú jù kì í sábà jẹ́ ìwà burúkú. Kàlẹ́ńdà ni. Ọdún ìṣúná Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ó parí ní oṣù Kejìlá. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ó parí ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan, oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹta. Ti Báńkì Àgbáyé, oṣù Keje sí oṣù Kẹfà. Ẹ kó wọn jọ sórí tábìlì kan ní Ìlọrin ní oṣù Kẹjọ: ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó tuntun, ẹnì kan ń wá bí yóò ṣe tètè ná tirẹ̀ tán, ẹnì kan wà láàárín ọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ láìmọ ohun tí àwọn mẹ́ta yòókù máa ṣe.

Owó tí wọn kò bá ná tán kí ọdún tó parí lè padà síbi tó ti wá, nítorí náà gbogbo wọn ló ń sáré ní oṣù tó kẹ́yìn. Àjọ tí ọdún tirẹ̀ bá parí ní oṣù Kẹsàn-án, inú òjò gan-an ni yóò máa sáré. Ọ̀nà abúlé ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ ìgbẹ́lẹ̀ ń rì, omi abẹ́ ilẹ̀ sì ti gòkè. Kànga tí wọ́n bá gbẹ́ nígbà náà yóò tètè kan omi. Wọ́n á fà á wò, á fún wọn lómi dáadáa, wọ́n á kọ ọ́ pé ó yege. Tó bá fi máa di oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, omi á ti sá lọ sísàlẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ. Àjọ tí ọdún tirẹ̀ ń parí ní oṣù Kẹta ló bọ́ sí i jù: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò máa dán kànga wò, ohun tó bá sì fún un lómi nígbà yẹn, kò ní já abúlé kulẹ̀ nígbà òjò.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ lẹ kàlẹ́ńdà gbogbo wọn mọ́ ògiri, pẹ̀lú ti àgbẹ̀, ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ààwẹ̀ Ramadan, kó tó pe ìpàdé kankan. Ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ àjọ kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan: kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ ná àti ibi tí wọ́n fẹ́ ná an sí, kí ìpínlẹ̀ tó gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn lásán ló dà.

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé

Ní Nàìjíríà, àjọ aládàáni tó bá ti òkè-òkun wá gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní Àbújá, ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣúná àti ètò ọrọ̀ ajé, kí wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Àjọ tí a dá sílẹ̀ nílé máa ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ CAC tó ń forúkọ àjọ àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Tí wọ́n bá dé Ìlọrin, iléeṣẹ́ ètò ìdàgbàsókè ti ìpínlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n tó lọ sí iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kàn: ti ìlera, ti ẹ̀kọ́, tàbí RUWASSA tó ni ọ̀rọ̀ omi abúlé. Ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ààfin, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ tó wà nílẹ̀: ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù fún ìlera, SBMC fún ilé ẹ̀kọ́, WASHCOM fún omi.

Ibi méjì ni àtẹ̀gùn yìí ti sábà ń já. Àkọ́kọ́, àjọ á gba iléeṣẹ́ ìlera wọlé, kò sì ní dé iléeṣẹ́ ètò rárá. Iléeṣẹ́ ìlera mọ̀ ọ́n, ìpínlẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ìkejì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ti mú abúlé ní Àbújá, wọ́n ti tẹ pátákó, kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ alága pé àwọn wá kí i. Ìkíni dára, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú: níbo ni ẹ kò tíì ní, ta ló ti ṣe níbí rí, kí ló bà á jẹ́?

Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní olórí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń ṣojú Akọ̀wé Àgbà, òun ló sì yẹ kó kó gbogbo ẹ̀ka wọn sábẹ́ ètò kan. Láti 2019 ni wọ́n ti yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára UNDP, ẹ̀ka wọn tó ń rí sí ìdàgbàsókè, kó má baà dà bí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ẹ̀ka kan. Ètò tí wọ́n bá Nàìjíríà ṣe báyìí, 2023 sí 2027 ni. Ti àwọn olówó yòókù, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Paris ní oṣù Kẹta 2005 ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń tọ́ka sí. Nǹkan márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: kí onílé máa darí ètò, kí àlejò máa gba ọ̀nà onílé ná owó, kí àwọn àlejò jẹ́ kí ọ̀nà tiwọn jọra, kí wọ́n máa wo àbájáde, kí kálukú sì lè bi ẹnìkejì léèrè. Ìlú tó ti fi ọwọ́ líle mú èyí àkọ́kọ́ tipẹ́ kí Paris tó dé ni Botswana: ètò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n máa ń gbé síwájú olówó pé kó mú nínú rẹ̀. Rwanda náà, ní 2010, sọ fún àwọn olówó pé kí ẹnikẹ́ni má wà ní ẹ̀ka tó ju mẹ́ta lọ. Tanzania yan oṣù mélòó kan lọ́dún tí wọn kì í gba àlejò olówó, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè ráyè kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Àtẹ náà gan-an

Ìwé kan ṣoṣo tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, àtẹ ni, kò ju ojú ìwé Excel kan lọ. Ìlà kan fún iṣẹ́ kan ní abúlé kan. Ta ni: olówó, olùṣètò, kọngílá, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìlà kan náà. Kí ni: "kànga ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan", kì í ṣe "omi". Níbo: ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, abúlé àti nọ́ńbà GPS tó ń fi ojú ibẹ̀ hàn lórí máàpù. Nígbà wo: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Fún èèyàn mélòó. Lẹ́yìn náà, ibi tó dé: wọ́n ń rò ó, wọ́n ń ṣe é, ó ti parí, kò bọ́ sí i. Èyí àkọ́kọ́ àti èyí ìkẹyìn, "wọ́n ń rò ó" àti "kò bọ́ sí i", ni àjọ kì í fẹ́ kọ, àwọn ló sì wúlò jù. Wọ́n ń fi èyí tí wọ́n ń rò pamọ́ torí wọ́n ń bẹ̀rù kí àjọ mìíràn má gba abúlé náà lọ síwájú olówó. Wọ́n ń fi èyí tí kò bọ́ sí i pamọ́ torí ojú ń tì wọ́n.

Kíkọ rẹ̀ náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti tó wà ní gúúsù Kwara. Ẹni tó jókòó sí Àbújá, tí kò mọ̀ pé Kwara ní Ekiti tirẹ̀, á kó iṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Èkìtì láìwẹ̀yìn. Ìfẹ́lódùn wà ní Kwara, ó wà ní Ọ̀ṣun. Ìrẹ́pọ̀dùn náà wà ní méjèèjì. Èkìtì tún wá ní Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn tirẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ lórí gbogbo ìlà. Abúlé mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ kan lẹ́nu ará ibẹ̀, tó sì ń jẹ́ òmíràn nínú ìwé ìdìbò: kí a kọ méjèèjì.

GPS kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe. Ọ̀mù-Àrán wà ní nǹkan bí 8.14 sí àríwá àti 5.10 sí ìlà-oòrùn. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá gbé 5.10 síwájú, kànga Ìgbómìnà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Calabar. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú àtẹ ṣe lóṣooṣù fi jẹ́ pé kó tẹ gbogbo nọ́ńbà sórí máàpù, kó wo èyí tó sá kúrò ní Kwara.

Ìṣòro tó le jù ni kíka èèyàn. Obìnrin kan tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ni nínú àbọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí àtẹ ní àyè méjì: iye ìgbà tí a ṣe iṣẹ́, àti iye èèyàn tó wà ní abúlé náà lápapọ̀. Bí àpapọ̀ ohun tí àwọn àjọ ní àwọn ṣe bá ju iye ará abúlé lọ, a ti rí ẹ̀rí pé àkàtúnkà wà níbẹ̀.

Òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ kànga tí kò bọ́ sí i ni pé ilẹ̀ Ìlọrin àti gúúsù Kwara jókòó sórí òkúta líle. Kò sí odò abẹ́ ilẹ̀ kankan tó ń dúró de èèyàn. Inú ìpele òkúta tó ti jẹrà àti inú ibi tó ti là ni omi máa ń sá pamọ́ sí, ìlà yẹn sì lè gba ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí kọjá kó má dé ọjà. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi iná mànàmáná wádìí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Àjọ tó gbẹ́ ilẹ̀ tí kò kan omi ti ra ìmọ̀ tó níye lórí: ibi tí a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ mọ́. Bí kò bá fi sínú àtẹ, àjọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún lọ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ló sún mọ́ ilé baálẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún RUWASSA lórí kànga kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ èyí tó kú, kò ju nǹkan mẹ́fà lọ: ibi tó wà, bó ṣe jìn tó, ibi tí òkúta líle ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí omi dúró sí kí wọ́n tó fà á, iye lítà tó ń fún ni ní wákàtí kan, àti oṣù tí wọ́n dán an wò. Àwọn tó ń kọ àbọ̀ sábà máa ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn, a sì ti rí ìdí tó fi ṣe kókó.

Irú ẹ̀rọ náà ń da nǹkan rú. Afridev máa ń lo páìpù ike, sípánà kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè fi tú u, nítorí náà ará abúlé tó kọ́ ọ lè pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ fúnra rẹ̀. India Mark II ń lo páìpù irin. Láti pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, wọ́n ní láti fa gbogbo páìpù jáde, ìyẹn sì ń fẹ́ irinṣẹ́ àti ọwọ́ tó pọ̀. Rọ́bà ti ọ̀kan kò wọ èkejì. Tí àjọ mẹ́ta bá kó oríṣi mẹ́ta wọ ìjọba ìbílẹ̀ kan, kò sí oníṣòwò tó máa kó ẹ̀yà ara oríṣi tó jẹ́ márùn-ún péré sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, owó rẹ̀ á kú síbẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá ní oríṣi kan ṣoṣo, ọ̀gọ́rùn-ún ẹ̀rọ á di ọjà fún ẹni tó ń ta rọ́bà. Ìpinnu kan yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ ìpàdé lọ.

Ibi tó ti ṣeé ṣe

Èyí tó dára jù tí Kwara mọ̀ ni ti sọ̀bìà. Àwọn àgbàlagbà ìjọba ìbílẹ̀ Ásà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: aràn gígùn tó ń yọ lẹ́sẹ̀, tó ń dá àgbẹ̀ dúró sílé nígbà iṣẹ́ oko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Ásà lórí bí kànga tí UNICEF ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbẹ́ ṣe dín sọ̀bìà kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1988. Lásìkò yẹn náà ni Nàìjíríà ka iye àwọn tó ní in jákèjádò ilẹ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́: wọ́n lé ní 650,000.

Àjọ tó wà lórí rẹ̀ kò kéré. Carter Center, àjọ tí Jimmy Carter tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan dá sílẹ̀, mú asẹ́ àti oògùn Abate tí wọ́n ń dà sínú adágún wá, UNICEF àti ìjọba Japan wà lórí omi, WHO ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò ìjọba àpapọ̀ kan ni gbogbo wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní abúlé ń kọ iye aláìsàn sílẹ̀, òun ló sì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹni tí aràn yọ lára rẹ̀ ni wọ́n ń kà, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn bóyá ó yọ tàbí kò yọ. Àtẹ kan, ìtumọ̀ kan, òǹkà kan. Aláìsàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, oṣù Kọkànlá 2008 ni. WHO fún wa níwèé ẹ̀rí ní 2013.

Ti ẹ̀kọ́ kò dán tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní 2008 ìjọba Kwara dán olùkọ́ tó lé ní 19,000 wò lórí iṣẹ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tó dé òṣùwọ̀n kò sì tó 100. Ètò méjì ló wà nílẹ̀ nígbà náà: SESP, ẹ̀yáwó Báńkì Àgbáyé tó jẹ́ mílíọ̀nù 65 dọ́là fún Kaduna, Kano àti Kwara, àti ESSPIN tí Gẹ̀ẹ́sì san owó rẹ̀. Wọn kò jọ du iṣẹ́. Báńkì mú owó wá, ESSPIN mú àwọn tó mọ bí a ṣe ń kọ́ olùkọ́ wá, ètò ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú RAAMP tó ń ṣe ọ̀nà abúlé: Báńkì Àgbáyé àti AFD dá owó pọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń gba ọ́fíìsì kan ṣoṣo ná an. Ní ìlera, láti oṣù Kejìlá 2023, ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn olówó ti tọwọ́ bọ̀wé lórí ètò kan, bọ́jẹ́ẹ̀tì kan, àbọ̀ kan, ìjíròrò kan.

Ìpàdé àti owó ìjókòó

Ìpàdé tó dára kúrú. Ìjọba ló ń jókòó sórí àga, àjọ kan ń ràn án lọ́wọ́ láti kọ̀wé. Wọ́n á tan àtẹ sójú ògiri, wọ́n á wo ìlà tí àjọ méjì ti forí gbárí àti wọ́ọ̀dù tí kò sẹ́ni kankan níbẹ̀, wọ́n á pinnu ta ni yóò yẹ̀ fún ta, wọ́n á tú ká. Ó ń bàjẹ́ tí àjọ bá rán ọmọ iṣẹ́ tí kò láṣẹ láti pinnu, tí gbogbo wọn bá wá ń sọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí. Ohun tó máa ń mú wọn kọ̀wé ní tòótọ́ ni kí ìwé àṣẹ láti wọ ìjọba ìbílẹ̀ máà jáde fún iṣẹ́ tí kò bá sí nínú àtẹ. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án.

Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í fẹ́ sọ níta: owó ìjókòó. Bí àjọ kan bá ń san owó ìrìnnà àti oúnjẹ tó ju ti àjọ kejì lọ, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn abúlé á máa bá owó ńlá lọ. Tí àjọ méjì bá tún fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn á wà ní títì fún ọjọ́ márùn-ún, tí aboyún bá dé, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Iye kan ṣoṣo fún gbogbo àjọ, àti kàlẹ́ńdà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lára ògiri ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀, ló ń wo àrùn yìí.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ

Ní 2007 ni ètò adójútòfò ìlera kan bẹ̀rẹ̀ ní Ṣóńgà, ó sì dé Àfọ̀n ní 2009. Owó rẹ̀ wá láti Netherlands, Hygeia, iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera kan, ló ń darí rẹ̀, ìjọba Kwara ń dá tirẹ̀ sí i, ará abúlé náà ń san díẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, àwọn elétò ìlera láti ibi púpọ̀ ló wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ní 2016 ó dúró. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí àjọ adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ tó gbérasọ láti gba ipò rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dúró de òfin. Ní oṣù Kìíní 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ òkèèrè dúró lójijì, nígbà tó sì fi máa di oṣù Keje ọdún yẹn, USAID, àjọ ìrànwọ́ òkèèrè rẹ̀, kò sí mọ́ gẹ́gẹ́ bí àjọ tó dá dúró. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní láti fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlera Nàìjíríà. Nítorí náà ni àtẹ tó pé fi ní àyè kan sí i: ta ni yóò máa san owó lẹ́yìn tí àjọ bá lọ, láti ọdún wo, nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wo? Tí àyè yẹn bá ṣófo, kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ti abúlé

Ẹ kò nílò kí ẹ dúró de Ìlọrin tàbí Àbújá. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé, tàbí ẹni tó mọ̀wé kọ lágboolé Àlángùá, lè ra ìwé olójú 80 kan kó sì máa kọ gbogbo àjọ tó bá dé sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n dé, orúkọ àjọ, orúkọ olówó tó wà lẹ́yìn wọn, orúkọ kọngílá àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n ní yóò parí. Kí ó béèrè ìwé tó fi hàn pé ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ wọ́n. Kí ó sọ fún wọn, kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n ti gbẹ́ rí tí kò fún ni lómi. Tí wọ́n bá parí kànga, kí ó gba ẹ̀dà ìwé tó ní jíjìn rẹ̀ àti oṣù tí wọ́n dán an wò, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé náà, kí ó kọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ilé tí sípánà tí wọ́n fi ń tú u wà.